Ehoro Tí Kò Sá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àmódi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀ níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ṣèfíátù àbúrò mi tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú, torí ẹ ti kọ̀ sí mi lẹ́nu lórí fóònù. Bóyá ẹ óò gbọ́ bí gbogbo àdúgbò bá bá mi bẹ̀ yín.

Wọn ò tíì lé mi kúrò nílé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ru ṣúgà ní Creek Road, bí mo tilẹ̀ pẹ́ lórí àìsàn. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn. Omi ń wọ yàrá, èmi nìkan ni mo sì ń sùn níbẹ̀. Nígbà tí ehoro yín dé, àfi bíi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá kí mi.

Láàyè lẹ fi í rán dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ iṣu, nínú agbọ̀n. Ẹ ní ẹ ò yìnbọn rárá. Ó jókòó lójú ọ̀nà oko, ó ń wò yín, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e. Ẹran tí ìbọn bá pa kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn rẹ̀, a kì í jẹ ẹ́ nílé wa. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ka ehoro tí kò sá sí oríire.

Bàbá, mo tú u sílẹ̀ nínú yàrá, kò rìn. Mo pàtẹ́wọ́, kò gbọn etí. Ológbò ará ilé wọlé, ó wò ó, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Bọ̀ọ̀dá Ẹfẹ, aládùúgbò mi tó ń wa tírélà, ní òun ò ní bá mi jẹ níbẹ̀: ẹran ìgbẹ́ tí kò bẹ̀rù èèyàn, nǹkan kan ti gba ẹ̀rù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tírélà ò bà á lẹ́rù, ehoro ló ń sá fún. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo ṣe bísímílà, mo dúńbú rẹ̀. Bó ṣe ń tutù ni etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Mo tẹjú mọ́ ọn. Háà! Eégbọn ni. Wọ́n ń jábọ́ lára òkú, wọ́n ń rìn bọ̀ lórí símẹ́ńtì, wọ́n kọjú sí ẹsẹ̀ mi. Mo sún sápá kan, wọ́n yà tẹ̀ lé mi. Mo gbá wọn síta, mo bó ẹran náà, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí ọgbẹ́ yẹn di egbò dúdú. Abíyá mi wú, ibà gbé mi dè, àgbo ò ràn án. Ẹfẹ ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà bi mí pé kí ni mo fọwọ́ kàn. Bí mo ṣe dárúkọ ehoro, ó lọ wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tí eégbọn ń kó ran ehoro, tó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ ehoro wọ ojú ọgbẹ́ èèyàn. Ó ní ehoro tó bá ti kó o, kì í lè sá mọ́. Abẹ́rẹ́ ni Ọlọ́run fi yọ mí.

Ṣèfíátù ní ìka yín ti dúdú, ẹ ò sì lè gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kírun. Ẹ ní ibà oko ni, pé Èkó ti sọ mí di ojo. Mo gbà, ojo ni mí. Ẹ̀rù ikú yín ń bà mí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ehoro ni.

Ṣèfíátù tún ní ehoro mìíràn ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá láti àárọ̀. Adìẹ ń jẹ̀ yí i ká. Yàrá tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sí ló ń wò. Ẹ sì ti ní kí wọ́n gbé e wọlé fún yín.

Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Bí ehoro náà bá ṣì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Èmi ni ọmọ yín,
Múrítàlá