Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Kí Bàbá Rẹ

Lẹ́bàá ojú irin,
Ọ̀nà Dópẹ̀mú, Agége.
Ọjọ́ Àlàmísì, oṣù kọkànlá, 1956.

Sìlífátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àtìjọ́, mo kí ọ kú ọmọ títọ́, mo kí ọ kú ìnira Èkó. Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn le, ṣé iṣẹ́ wọn ń lọ déédéé? Nùréènì ọkọ mi ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú, ṣé ó ń sùn, ṣé eyín ti fẹ́ yọ? Ọlọ́run Ọba yóò dá a sí fún wa, omi tí ẹ ń mu kò ní há yín lọ́fun, àmín. Bí o bá rí i pé àwọn lẹ́tà kan sùn nínú ìwé yìí tí àwọn kan dúró, má ṣe rò pé akọ̀wé kan ni mo bẹ̀ o. Èmi Kùdírátù fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ní Agége ti so èso, tísà wa sì ní ọwọ́ mi dára, àfi pé n kì í mọ ibi tó yẹ kí n ti dánu dúró, ìyẹn kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ ń wí bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé ibi ìdáná ń jò, adìyẹ dúdú yẹn ti pa ọmọ. Àwọn òyìnbó ṣì ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí apá Ìkẹjà, igbó tí a ti ń ṣẹ́ igi ìdáná tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń fọn fèrè kí àwọn èèyàn tó wọlé ṣiṣẹ́. Làsísì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ti ríṣẹ́ síbẹ̀, ó ní wọ́n máa ń fọn fèrè fún oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú. Mo bi í pé ṣé ebi kì í pa wọ́n ni kí fèrè tó dún.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ gan-an ni mo jókòó láti sọ. Ikọ́ yẹn, ikọ́ ife ni dókítà pè é. Wọ́n ní kí ó bọ́ agbádá, kí ó ṣí fìlà, wọ́n gbé àyà rẹ̀ lé pátákó tútù kan, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Sìlífátù, àwòrán náà kò jọ ọ́ rárá. Egungun ìhà nìkan ni wọ́n yà, wọn kò ya ojú. Síbẹ̀ mo bẹ dókítà pé kí ó fún wa ní ọ̀kan kí n fi kọ́ ara ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a yà níjọ́ ìgbéyàwó rẹ, ó ní irú àwòrán yẹn kì í ṣe ti ara ògiri. Ó ní kí bàbá rẹ máa wá gba abẹ́rẹ́, kí ó máa jẹ ẹyin, kí ó máa mu mílíìkì, kí ife omi rẹ̀ yàtọ̀, kí ó máa fi aṣọ bo ẹnu bí ó bá ń húkọ́. Ó ní kí ó máa jókòó síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ó má ṣe bá èrò jókòó nínú ilé, kí ọmọ kékeré má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá títí òun dókítà yóò fi sọ pé ó tó.

Ìwọ náà wo ẹni tí wọ́n ní kí ó má sún mọ́ èèyàn. Àlàmú ọkọ mi tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀sán ló ti máa ń jáde nílé nítorí àwọn tó fẹ́ kí lójú ọ̀nà! Nígbà tó ń ta obì ní tésàn ọkọ̀ ojú irin, ṣé o rántí pé àwọn èèyàn a máa ra obì tí wọn kò fẹ́ jẹ, kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ ẹnu rẹ̀? Ní báyìí Suara tó ń gbé òdì kejì ojú irin, tí wọ́n jọ ń ta ayò, kì í wọ àgbàlá wa mọ́. Yóò dúró lójú ọ̀nà, yóò kígbe pé ẹ kú ara o, yóò sì kọjá lọ. N kò bá a wí, ọmọ kún ilé tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ ń mú ikọ́ náà rọlẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló wá ń mú òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹyin tí mo bá sè, wíwò ló ń wò ó. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń kí ewúrẹ́ Làsísì kú ìrìn. Èmi nìkan kò tó o, ọmọ mi. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ sọ ló ti mọ̀ kí n tó la ẹnu, ó sì dùn mí.

Làsísì ṣàánú wa, ó gbé rédíò rẹ̀ tó ń lo bátìrì wá, ó ní yóò máa bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi gèlè bo ẹnu àpótí náà kí ikọ́ má baà ran ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Bàbá rẹ sì gbé ìjókòó jìnnà sí i, ó kí i, ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè aya, ó bi í léèrè ọmọ. Ọkùnrin yẹn kò dáhùn ọ̀kan ṣoṣo. Iye owó kòkó ló ń sọ ṣáá. Bàbá rẹ fi sùúrù bá a lò, ó ní bóyá àlejò ni, ojú ló ń tì í. Nígbà tó yá ó sú u. Ó ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé, ó ní kí n gbé e padà fún olówó rẹ̀. Èmi náà rí i pé òótọ́ ni, ojú lọ̀rọ̀ wà, àpótí yẹn kò sì lójú.

Bí ó ṣe gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, níbi tí èèyàn ti lè rí ojú irin dáadáa. Ọkọ̀ òwúrọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó kì í sáré púpọ̀ níbẹ̀ mọ́, nítorí pé tésàn Agége ti sún mọ́lé. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ na àsíá aláwọ̀ ewé síta, ó ń jù ú. Inú bàbá rẹ dùn, ó ní ẹ ò rí i bí ọmọlúàbí yẹn ṣe ń kí wa! Mo ní ẹni tó bá fi aṣọ kí ni, aṣọ la fi ń dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kejì mo wá èyí tó dára jù nínú àpótí aṣọ mi, gèlè pupa tí o rà fún mi nígbà ọdún Iléyá, mo so ó mọ́ ọ̀pá gígùn, mo dúró lẹ́bàá ojú irin, mo sì ń jù ú bí ọkọ̀ ti yọ.

Sìlífátù, ọkọ̀ náà dúró. Ó ké, irin ń han, iná ń ta pàràpàrà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá dúró níwájú ilé wa. Mo ní Alihamudulilahi, ẹ wo irú iyì tí wọ́n fún ọkọ mi! Mo sáré lọ bu omi tútù fún wọn nítorí pé àlejò ni wọ́n. Dírẹ́bà ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun àti alásíá, wọ́n ń sáré bọ̀. Ó bi mí pé ewu wo ló wà lójú irin. Mo ní ewu kò sí o, ṣé ilé tiwọn náà le? Ojú rẹ̀ pọ́n ju gèlè mi lọ. Ó ní aṣọ pupa, ewu nìkan la fi ń júwe, ó ní wọ́n lè tì mí mọ́lé. Mo ní gèlè kì í ṣe ẹjọ́. Ibi tí a ti ń fà á ni bàbá rẹ ti nawọ́ láti abẹ́ igi, ó ní kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n má sún mọ́ òun, ara òun kò dá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ó kí wọn kú iná ọkọ̀, ó kí wọn kú èrò, ó kí àwọn aya tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí. Ni dírẹ́bà náà bá kí i padà. Kàsúmù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ó sì mọ ohùn ará ilé. Ó ní kí n lọ wá aṣọ funfun, kí a má kúrò lábẹ́ igi, òun yóò máa fọn fèrè fún bàbá rẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Bí fèrè bá ti dún, bàbá rẹ á dìde, á wọ fìlà, á máa kí fèrèsé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọjá, àwọn èrò náà á sì máa juwọ́. Mo sọ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní irú àbẹ̀wò yẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, kí a ṣáà jìnnà sí ojú irin. Ẹyin ti ń lọ lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe kíkí nìkan ló ń kí wọn, ó ń wá nǹkan. Mo bi í. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé Sìlífátù yóò wà lójú fèrèsé kan lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọmọ náà.

Ọmọ mi, àárò rẹ ń sọ wá. Ọkọ rẹ gbọ́n bí wọ́n ṣe ní kí ẹ má wá sílé, àwa náà kò fẹ́ kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bàbá rẹ ló ń fún gbogbo ọmọ tí a bí nínú ilé yìí ní oríkì. Òun ló pè ọ́ ní Àyìnkẹ́. Ti Nùréènì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí o ti bí i, kò gbà kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún èmi pàápàá. Ó ní oríkì kì í ṣe ohun tí a ń kà, ó ní etí ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Àlàádì tó ń bọ̀, wọ ọkọ̀ Kàsúmù ní Ìdó. Apá ọwọ́ òsì ni kí o jókòó sí, kì í ṣe èyí tí o fi ń jẹun. Kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, torí bí o bá kẹ̀yìn síbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ yóò bọ́ sí apá kejì, Suara ni yóò sì rí ọmọ wa kí bàbá rẹ tó rí i. Bí ẹ bá dé Agége, ẹ wọ èyí tó ń padà sí Èkó, ẹ ó tún rí wa. Nígbà àbọ̀ a ó ti wà ní ọwọ́ tí o fi ń jẹun, má bi mí bí a ṣe débẹ̀, àwa kò kúrò lójú kan.

Kẹrosíìnì ti tán nílé, ọṣẹ ti tán, mílíìkì alágolo bàbá rẹ ti fẹ́ tán. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Má ṣe fi í gba báńkì o, mo gbọ́ pé bí èèyàn bá kó owó sí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe owó ẹni gan-an ni wọ́n ń dá padà, ti ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá tó pín, fi í wọ ọkọ̀. Òkùnkùn kò ní pa wá.

Ọlọ́run yóò mú ọ̀nà yín tutù. Ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, yóò mọ ilé ìyá rẹ̀, yóò mọ ilé bàbá rẹ̀, àmín. Bàbá rẹ ń dán ohùn rẹ̀ wò sílẹ̀, oríkì tèmi ló fi ń dán an wò. Bí ọkọ̀ bá ti yọ, á ké Àníkẹ́, Àníkẹ́, àwọn èrò á máa dá a lóhùn. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, ó pẹ́ tó ti pè mí bẹ́ẹ̀.

Ṣí fèrèsé náà dáadáa, kí o gbé etí ọmọ síta. Bí ikọ́ bá dí bàbá rẹ lọ́nà tí kò lè pè é tán, má sunkún. Kí Nùréènì mú ìdajì tó bá gbọ́ lọ sílé, kí ẹ padà wá gba ìyókù. Mo mọ ọkọ mi, kò ní lọ ibì kankan pẹ̀lú ìdajì oríkì ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù Àníkẹ́.