Wáyà Tó Kọjú sí Gábàsì

Mutmainnah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó, ṣé iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ tí ò ń ṣe ń lọ déédéé? Gbogbo wa nílé ní Bẹẹrẹ wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí iná gbé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ṣùgbọ́n inú ń bí i sí mi, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Wáyà tó so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi mọ́ agbóhùnga já, ohùn Kùránì kò jáde mọ́. O ní o máa ra òmíràn ránṣẹ́. Mo ní rárá, èmi tí mo kọ́ ọmọ níwèé títí orí mi fi funfun, wáyà kò lè bá mi tì. Mo bá wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú fóònù tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Mo kí i, kò dáhùn; mo fojú fò ó, ọwọ́ rẹ̀ dí. Nígbà tó parí, ó ní bí ẹ̀kọ́ òun bá dùn mọ́ni, kí á tẹ agogo. A kò ní agogo lẹ́nu ọ̀nà, ni mo bá lọ tẹ ti Clara aládùúgbò wa. Ó sáré jáde, ó ní ṣé kò sí. Mo ní ẹ̀kọ́ kan ló dùn mọ́ mi. Ó wò mí títí, ó ní òun bá mi yọ̀.

Mo ra wáyà ní Ọjà'ba, mo ra lẹ́ẹ̀dì àti irin tí wọ́n fi ń yọ́ ọ. Wọ́n hun òwú bàbà kan yí inú wáyà náà ká bí aṣọ. Mo rò pé èèpo ni, mo gé e dànù bí ẹni ń bó iṣu. Bí mo ti tan án, ariwo hùùù gba ilé kan. Ìyá rẹ ní, Ọ̀gá tíṣà, ṣé wáyà lẹ rà ni àbí ilé oyin? Mo ṣe òmíràn, mo jó òwú bàbà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ jáàkì, ẹnu wáyà tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ. Ariwo dín kù, kò tán.

Ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n ya ọfà sára wáyà. Ó yé mi wàyí. Kùránì ni yóò gbà á kọjá, bẹ́ẹ̀ Ọjà'ba ni orí ọfà kọ sí! Mo yí gbogbo pálọ̀ po títí ọfà fi kọjú sí gábàsì. Agbóhùnga bọ́ síbi àga ìyá rẹ, àga ìyá rẹ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn ló ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n ariwo náà dákẹ́ pátápátá. Wáyà ti jìnnà báyìí sí fíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Bí ariwo bá ń yọ yín lẹ́nu ní Èkó, ẹ wo ibi tí ọfà yín kọ sí.

Ọmọ mi, bí irin yẹn ti ń jó mi níka ni mo ń rántí tìrẹ tí mo jù sí kànga nígbà tó o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo ní ọmọbìnrin kì í tún rédíò ṣe. Mo ṣe ọ́ ní àìdáa. Ìwé kankan kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìgbéraga ni. Iléyá ń lọ, Iléyá ń bọ̀, ò ń fowó ránṣẹ́, o kì í wá. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi wá àyè tó dára fún àga ìyá rẹ, kí n lè jẹun. Má fi í gba báǹkì lọ́sàn-án Jímọ̀, kí wọ́n má baà dá a dúró títí wọn yóò fi kírun tán.

Méjì ló yẹ kí wáyà náà jẹ́, ti òsì àti ti ọ̀tún. Ti òsì nìkan ni mo ṣe. Ti ọ̀tún wà lórí tábìlì, n kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ọlọ́hun yóò mú ọ dé lálàáfíà. Èmi ni yóò di wáyà mú, ìwọ ni yóò jó o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkíbù