Ọyàn Tí Wọ́n Ní Ó Korò

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo ti bá yín gbẹ̀san. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó béèrè àlàáfíà yín, torí ó dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè pa á mọ́ra.

Inú yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ìsinmi ìbímọ mi ti parí, òní ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Tèmi, ọmọ tí mo bí lẹ́yìn tí ẹ lọ, wà ní jẹ́léósinmi kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ìdí òkè Olósùnta. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ní Yétúndé nígbà tí a bí i, mo kọ̀. Ohun tí ojú yín rí nínú ẹbí yìí ti tó. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún pè yín padà wá sínú rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ wàhálà tí mo ṣe kí òní tó dé. Láràárọ̀ ni mo ń fún ọyàn sínú àwọn ìgò kéékèèké, mo ń kọ orúkọ Tèmi sí wọn lára, mo ń tò wọ́n sínú fíríjì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, mo ń bá ọkọ mi jà kó tan jẹnẹrétọ̀, torí ọyàn tó bá yọ́ tó sì kan ti ṣòfò nìyẹn. Ọmọ náà wá ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ife. Tí mo bá ti gbé e sún mọ́ ọn, á fún ètè rẹ̀ pọ̀, á yí ojú sí àyà mi. Obìnrin tó ni jẹ́léósinmi ló là mí lóye pé òórùn mi ló ń gbọ́, pé kí n fi aṣọ mi sílẹ̀ kó lè máa tù ú nínú, kí èmi fúnra mi kúrò nínú ilé. Mo lọ dúró lẹ́yìnkùlé, nídìí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó sunkún, ó sunkún, ọyàn sì ń ro mọ́ mi láṣọ. Nígbà tó dákẹ́, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó ń mu ún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó di ìka rẹ̀ mú. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Emùré dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n Bàbá, àwọn náà. Bàbá ló mú wọn wá pẹ̀lú ìyàwó ilé méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọ kí n tó wọṣẹ́. Ìyá Emùré ṣí fíríjì láti bu omi mu, wọ́n sì rí àwọn ìgò mi. Wọ́n bi mí bóyá a ti dán an wò. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sọ ọ́ fún mi, níbi tí a ti ń bẹ iṣu, ẹ ò sì gbójú sókè títí ẹ fi sọ ọ́ tán. Ẹ ní Ìyá Emùré fún ọyàn yín sínú àwo, wọ́n da èèrà sí i, èèrà kú, wọ́n ní ọyàn yín korò, pé yóò pa mí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ rọ mí ní ògì, wọ́n á di imú mi kí n lè gbé e mì. Ẹ̀yin á lọ sí ìdí ìbẹ́pẹ, ẹ á máa fún ọyàn yín dà nù síbẹ̀. Bàbá ńkọ́? Ẹ ní wọ́n ń fọ kẹ̀kẹ́ wọn. Kí ló dé tí ẹ tún ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún obìnrin náà ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e?

Wọ́n ṣe tèmi náà. Wọ́n ní, "Nínú ulé wa, èèrà la fi í dán ọyàn wò." Wọ́n kó èèrà wá láti ìdí máńgòrò, wọ́n dà á sínú ọyàn mi tí wọ́n bù sínú àwo, èèrà lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó kú. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí ọkọ mi lọ ra mílíìkì alágolo, wọ́n sì kọrí sí fíríjì láti lọ da gbogbo ìgò náà nù. Ọkọ mi ń wò mí. Mo rí i pé ẹ̀rù ti ń bà á, àti pé bí mo bá dákẹ́ bíi tiyín, ó ti tán nìyẹn.

Mo ní kí wọ́n dúró. Mo gbé omi tí wọ́n mu kù, mo bù ú sínú àwo mìíràn, mo da èèrà sí i. Ó kú. Mo bu ògì tí wọ́n gbé wá láti Emùré, mo pò ó, mo da èèrà sí i. Ó kú. Mo wá bi wọ́n bóyá omi náà korò. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀yin ì bá dúró síbẹ̀. Èmi ò dúró. Mo bu ọyàn mi sínú ṣíbí, mo gbé e dé ẹnu wọn, bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ wọn dé ẹnu mi nígbà yẹn. Bàbá fẹ́ dìde, mo ní kí wọ́n jókòó, pé kò sí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀ lónìí. Wọ́n jókòó.

Ìyá Emùré wojú gbogbo wa. Wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ó dùn."

Mo ní mi ò gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Mo wá bi wọ́n pé tìyá mi ńkọ́. Wọn ò wo ojú mi.

"Mi ò tọ́ ọ wò."

Màámi, wọn ò tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ tọ́ ọ wò? Àbí ẹ gbà fún wọn bẹ́ẹ̀ náà? Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí lórí fóònù láti bẹ̀ mí, mi ò gbé e. Bàbá ní kí n fi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí wọn. Mi ò fi sílẹ̀. Oorun tí mo sùn lọ́jọ́ náà, mi ò sun irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bímọ. Ṣé ó burú?

Obìnrin jẹ́léósinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi báyìí. Ife Tèmi ni, ó ti ṣófo. Ó mu ún tán láìsunkún.

Ẹ sùn re, Màámi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ì bá mu tiyín tán.