Adákẹ́ Ru Ẹja Láti Ṣálẹ́ńjì Dé Bódìjà

Ilé Akínsànyà,
Ẹ̀yìn ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.
Oṣù kẹjọ, 1994.

Àkànní ọmọ mi, Oyèbọ́lá ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìyàwó ẹ ń jí ire, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun kánú? Èkó tó o wà yẹn ò ní sọ ẹ́ nù mọ́ wa lọ́wọ́. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ara tèmi le, mò ń jẹ, mò ń sùn. Mojí ìyàwó àbúrò ẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé tíṣà ni, ìkọ̀wé ẹ̀ sì já gaara. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ti iléèwé tún un ṣe, kódà bó bá jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ni mò ń bú.

Lẹ́tà tó o fi ránṣẹ́ sí Akínsànyà àbúrò ẹ dé ọwọ́ wa. O ní o ti bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ n'Íkẹjà, pé kí Akínsànyà ta mọ́tò oníbátìrì yẹn fún àwọn tó ń ra irin, kó wá sí Èkó kí oṣù yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíì síbẹ̀. O ò sọ̀rọ̀ burúkú, ẹ̀gbọ́n gidi ni ẹ́. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún ẹ, kó o tó bínú.

Ṣé o mọ̀ pé iléeṣẹ́ tí àbúrò ẹ ń bá ṣiṣẹ́ l'Ólúyọ̀lé, àwọn tó ń ṣe bátìrì, ti kógbá sílé lọ́dún tó kọjá. Kàkà kí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ lówó, bátìrì ni wọ́n pín fún wọn. Mọ́kànlélógún ló kan Akínsànyà. Ó kó wọn wálé, ó tò wọ́n sí pálọ̀, èmi rò pé títà ló fẹ́ tà wọ́n. Ó lóun ò tà. Ó lọ ra ẹ̀rọ kan tó wà lára mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù káàkiri inú iléeṣẹ́ yẹn, ó yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ti kú sẹ́yìnkùlé, ó ki ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀, ó to ogún bátìrì sí i lára, ó fi ìkan tó kù gbọ́ rédíò. Àkànní, mọ́tò náà rìn. Kì í mu epo, kì í rú èéfín, kì í pariwo, ewúrẹ́ kì í kúkú gbọ́ ọ kó tó dé ìdí ẹ̀. Adákẹ́ làwọn ọmọ sọ ọ́. Iná NẸ́PÀ ló ń jẹ. Wọ́n á ti orí wáyà kan bọ ògiri, orí kejì á wọ Adákẹ́ lára, á wá máa mu ún bí ọmọ ọwọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi a sì máa fi ìró mi bo àwọn bátìrì náà kí òtútù má mú wọn. Akínsànyà ní òtútù kì í mú bátìrì, mo ní ṣé ó ti bi wọ́n ni.

Nígbà tó fẹ́ gba nọ́ńbà fún un, ìwé tí wọ́n fún un ń béèrè irú epo tí mọ́tò ń mu. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ìwé, ó wo Akínsànyà, kò mọ ohun tó máa kọ. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó wò mí, ó kọ nǹkan kan, ó sì tẹ òǹtẹ̀ sí i, nítorí náà mo mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Wàhálà Adákẹ́ ni pé kì í lè rìn jìnnà. Tó bá ti kúrò ní Bódìjà tó doríkọ Dùgbẹ̀, orí òkè Mọ́kọ́lá ló máa ń kú sí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bá Akínsànyà tì í, wọ́n á máa pariwo pé NẸ́PÀ ti mú un lọ, tó bá tún wá sún díẹ̀, wọ́n á patẹ́wọ́, wọ́n á ní “Ápù NẸ́PÀ!” Àjàgbé tó ń wa bọ́ọ̀sì ládùúgbò wa, ẹni tó máa ń sun ilé epo ọjọ́ mẹ́ta láì rí jálá epo kan rà, òun gan-an ń fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Akínsànyà lọ ra okùn, kó máa fà á bí àgbò iléyá.

Obìnrin kan wá wà ní Ṣálẹ́ńjì, Ìyá Láwùmí, ó ní yàrá yìnyín tó ń kó ẹja sí. Àwọn ẹlẹ́ja ọjà Bódìjà ló ń rà á, ṣùgbọ́n látìgbà tí epo ti di wúrà, kò rí mọ́tò tó máa gbé e wá. Akínsànyà lọ bá a. Ó ní kò burú, kó wá ní Sátidé, kó wá gbé ogún páálí ẹja. Bó bá gbé e dé Bódìjà láì dákú sọ́nà, iṣẹ́ yẹn ti di tiẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá dúró sọ́nà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kó má padà sọ́dọ̀ òun mọ́. Akínsànyà wálé, ojú ẹ̀ fà ro. Ó lóun ti ṣírò ó, àlọ nìkan gan-an, agbára káká ni, kí a má tíì wá sọ àbọ̀ tòun tẹrù. Ó ní bí Sátidé bá bàjẹ́, òun á ta mọ́tò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun á sì gba Èkó lọ sídìí ọṣẹ, òun á máa wá wo ìyàwó àti ọmọ lóṣooṣù. Mojí bú sẹ́kún. Ó lóun ò ní kọ eléyìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Mo wá ní kí Akínsànyà gbé mi síwájú mọ́tò, kó wà mí yí ká àdúgbò, kí n fojú ara mi wo ohun tó ń ṣe é. Nǹkan kan wà níwájú ibẹ̀ bí aago, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Akínsànyà ní agbára tó kù lára Adákẹ́ ló ń fi hàn. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tó ti rẹ̀. Tó bá fún hóònù, ọwọ́ yẹn á gbọ̀n. Tó bá dúró tó tún fẹ́ ṣí, á wálẹ̀. Tó bá wá kan òkè, á lọ sílẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní Akínsànyà, alárù lo mú wálé, ìwọ ń pè é ní mọ́tò.

Ìwọ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ru gààrí láti Lálúpọn wá sí Dùgbẹ̀, gààrí yẹn lo sì fi lọ iléèwé. Ọ̀nà jíjìn ò pa mí rí. Ohun tó máa ń pa wá ni ká sọ ẹrù kalẹ̀ ká tún gbé e padà sórí, àti òkè, àti ebi.

Mo ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn Adákẹ́. Áà, ohun tá a bá níbẹ̀! Táyà mẹ́ta tó ti bẹ́, àpótí irinṣẹ́ méjì, ilẹ̀kùn irin kan tí kò ní ilé, àbọ̀ àpò símẹ́ǹtì tó ti gan, àti ọlọ mi tí mò ń wá láti ọdún Àjíǹde. Gbogbo ẹ̀ ló ń gbé gun òkè Mọ́kọ́lá. Mo fọwọ́ tẹ táyà, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì, mo ní ta ló ń ru ẹrù nínú iyanrìn, kó lọ fẹ́ ẹ kó le. Mo wá ń fọwọ́ kan àwọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kan ọrùn yín tí ibà bá ń ṣe yín. Ìkan gbóná láàárín wọn. Òun náà ló sì máa ń mu omi jù, mo mọ̀ nítorí èmi ni mò ń gbe omi òjò tí mò ń rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu. Mo ní èyí ń jẹ oúnjẹ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kò sì bá wọn ṣiṣẹ́. Akínsànyà ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi òun sílẹ̀. Ó wá gbé òṣùwọ̀n iná ẹ̀ tì í wò. Ó yọ ọ́, ó sì fi ti rédíò rọ́pò ẹ̀.

Ní Fúráìdeè, NẸ́PÀ mú iná lọ láàárọ̀, wọ́n dá a padà nírọ̀lẹ́. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ nínú ẹ̀ àfi Adákẹ́. Mo yọ fíríìjì, mo yọ fáànù. Mojí fẹ́ lọ aṣọ, mo gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ṣé aṣọ tó rún lòun máa wọ̀ jáde ni, mo ní ṣé ọkọ ẹ̀ ló fẹ́ kó rún ni. Ó kọ ọ́ síbí yìí, ó ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Àárọ̀ Sátidé, kí ọjà tó kún, a gbéra. Mo ní ká má gba Mọ́kọ́lá, ká tẹ̀lé ojú irin. Nígbà ayé gààrí, ojú irin la máa ń tọ̀ wọ Dùgbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin kórìíra òkè bí alárù ṣe kórìíra ẹ̀, àwọn tó la ọ̀nà ẹ̀ sì ti bá a yà fún gbogbo òkè. Mọ́tò ò lè gun irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n títì tó ń bá a rìn wà: a gba Ṣángo, a gba Ẹlẹ́yẹlé, a gba Jẹ́ríkò bọ́ sí Dùgbẹ̀. Akínsànyà ní ó jìnnà ju Mọ́kọ́lá lọ. Mo ní ó jìnnà sí ẹsẹ̀ ni, kò jìnnà sí ọrùn. Mo ní kó má fọwọ́ kan hóònù. Èmi ni mo yọrí sójú fèrèsé tí mò ń ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n yàgò, Adákẹ́ ń bọ̀.

Ta la bá pàdé ní Ṣángo? Àjàgbé ni, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo lórí ìlà ilé epo. Ó dìde, ó ń juwọ́ pé ká dúró gbé òun. Àbúrò ẹ fẹ́ tẹ búrékì. Mo ní bó bá tẹ̀ ẹ́, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀ nìyẹn. Mo kàn yọ ọwọ́ síta, mo ní, “Àjàgbé, ẹ kú ìdúró o.” Ó padà jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì ẹ̀.

Nígbà tá a fi dé Ṣálẹ́ńjì, ọwọ́ aago yẹn ti kọjá àárín wá sísàlẹ̀. Akínsànyà fọwọ́ lérí, ó ní kò ní gbé wa délé. Nínú ọgbà Ìyá Láwùmí, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ń dún gbùà-gbùà, òun ló ń mú kí yìnyín wọn má yọ́. Mo wo jẹnẹrétọ̀, mo wo Adákẹ́. Akínsànyà mọ ohun tó wà nínú mi, ó bẹ̀ mí, ó ní ojú á ti òun láti tọrọ iná lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún òun níṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ bá obìnrin náà. Mo kí i dáadáa. Mo bi í pé láyé ìyá ẹ̀, tí alárù bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kí ni wọ́n máa ń fún un kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lórí. Ó ní omi ni, wọ́n á sì fún un lóúnjẹ. Mo ní alárù tèmi ti dé, kò tíì jẹun.

Ó wò mí, ó wo Adákẹ́. Ó ní, “Màmá, kí ló ń jẹ?”

Mo ní, “Ohun tí ẹja yín ń jẹ náà ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n na wáyà síta. Mo ní kí páálí kankan má tíì jáde nínú yìnyín, kó jẹun tán ná. Ó tó wákàtí méjì. Wọ́n fún èmi náà ní ẹ̀kọ àti ẹja díndín, mo sì ń wo ọwọ́ aago yẹn bó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

A ru ogún páálí, a fi tapólì bò ó, a tún tọ Jẹ́ríkò àti Ẹlẹ́yẹlé padà. A ò dúró kí ẹnikẹ́ni. A ti ń wo ọjà Bódìjà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ọwọ́ aago dùbúlẹ̀. Adákẹ́ ń rìn bí ìjàpá. Akínsànyà ní ká dúró kó sinmi, mo ní alárù kì í sinmi lẹ́nu ọ̀nà ilé, kó máa lọ. Mo wá rò ó pé èmi tí mo jókòó yìí, ẹrù lèmi náà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, Akínsànyà ń pariwo pé ìyá òun fẹ́ kú, mo sì rìn síwájú ẹ̀. Àkànní, mo rìn wọ ọjà Bódìjà, ogún páálí ẹja ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn, kò sì sí nǹkan kan lórí mi àfi gèlè. Mò ń ní kí wọ́n yàgò, wọ́n sì ń yà. Iwájú ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja gan-an ni Adákẹ́ dúró sí. Àwọn obìnrin yẹn ṣí páálí, wọ́n fi ọ̀bẹ gbá ẹja, ó dún kò bí òkúta. Akínsànyà ò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbá sítíárín mú, ó ń sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún.

Òní ni Tọ́sìdeè, a ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i. Nítorí náà, bá mi kí ọ̀gá ọlọ́ṣẹ yẹn, sọ fún un pé ó ṣeun, kó fi ẹlòmíì síbẹ̀. Àbúrò ẹ ò bọ̀ l'Ékòó.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ ò pọ̀. Fi owó wáyà ránṣẹ́, èyí tó nípọn tó gùn dáadáa, nítorí ti Ìyá Láwùmí kúrú, ó sì ti ń gbóná. Tí owó bá ṣẹ́kù níbẹ̀, fi ra tìmùtìmù fún mi, àga iwájú Adákẹ́ le, èmi sì ni mò ń júwe ọ̀nà. Nígbà tó o bá ń bọ̀ wá kí wa, sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ṣálẹ́ńjì, lọ jókòó lọ́dọ̀ Ìyá Láwùmí, a máa wá gbé ẹ. Má di ẹrù púpọ̀ o.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ò ní dákú sí ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín á wà lórí ìlà nígbà tó o bá ń kọjá. Wàá dàgbà, orí ẹ ò ní ru ohun tí ọrùn ẹ ò lè gbé. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ. Mojí ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi síbí.