Ọkùnrin Tó Pọn Ilẹ̀kùn, Bí A Ṣe Wò Ó Ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá nǹkan jókòó lé, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Bó bá sì jẹ́ ìdí oúnjẹ ló ti bá ọ, jẹun tán ná, lẹ́tà kì í tutù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn, àbí iná ìlú ńlá yẹn kì í jẹ́ kí ojú mọ ìgbà tó yẹ kó pa dé? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ láìṣìnà kò ní jẹ́ kí o ṣìwà. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ni yóò padà wá bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Àmín.

Nílé níbí, a ò ráhùn. Orúnkún ìyá rẹ ṣì máa ń dùn ún bí òjò bá ti ń ṣú, àwọn ará ilé wa kò sì wo ojú ọ̀run mọ́, orúnkún rẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè kí wọ́n tó sá aṣọ. Kílípà ìgẹrun mi àtijọ́ ti dákẹ́, mo ti ra òmíràn, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn oníbàárà mi a máa di apá àga mú bí ẹni pé àga náà fẹ́ gbé wọn fò. Aránṣọ ọ̀ọ́kán wa ní kí n kí ọ. Ó ní aṣọ tí o fún òun rán kó tó di pé o lọ ti ṣe tán, àmọ́ ó dá òun lójú pé kò ní gbà ọ́ mọ́, òun sì ti bá ọ fi í fún ọmọ òun.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni ti fíìmù rẹ. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń gẹ irun wẹ́dà àdúgbò wa tó ń jó irin, mo ti gẹ apá kan orí rẹ̀ tán, nígbà tí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kejì, tí gbogbo wa ń pè ní Onífóònù, yọjú wọlé, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọmọ mi ti gbé fíìmù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní sórí ibo? Ó ní sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ga, àti pé ta ló bá ọ di àkàbà mú, nítorí mo mọ̀ pé láti kékeré ni òòyì ti máa ń kọ́ ọ bí o bá gun nǹkan. Ó ní kò ga rárá, kò sì sí nílẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ló wà. Mo ní a dúpẹ́ tí o sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Ó wá so fóònù rẹ̀ mọ́ ìṣó tí mo fi kálẹ́ńdà kọ́ lára ògiri ẹ̀yìn, àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì sì yí ojú sí i. Èmi àti wẹ́dà ò lè yí padà, torí kílípà ṣì wà lórí rẹ̀, inú dígí la ti ń wò ó. Èyí ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Àwọn ará bẹ́ńṣì ní apá ọ̀tún ni ọkùnrin inú fíìmù yẹn ń rìn lọ, èmi àti wẹ́dà ní apá òsì ni, ṣé ojú wa kọ́ la fi rí i ni? Wẹ́dà ní ó dá òun lójú pé ọ̀tọ̀ ni fíìmù tí ọmọ mi ṣe fún àwọn tó ń sanwó, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ṣe fún àwọn tó kàn wá jókòó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí fún ọ, bóyá ẹnì kan ti yí i padà lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tí a ò rí ojú rẹ̀ pọn ilẹ̀kùn sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Ó ń rìn lọ lójú títì, ó gbé ilẹ̀kùn náà nàró sáàárín títì, ó kàn án, ó dúró, kò sẹ́ni tó ṣí i, ó tún un pọ̀n. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú pápá, ó ṣe bẹ́ẹ̀ létí odò. Lójú ọ̀nà ó kọjá lára obìnrin kan tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ omi, tó sì ń ká omi náà jọ bí aṣọ. Òjò ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kọrin, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹnì kankan. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní bí òjò bá ń rọ̀ lọ sókè, orúnkún àwọn tó wà lókè ni yóò máa dùn wọ́n nìyẹn, ó kẹ́dùn fún wọn.

Ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni ibi tí ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè tó wá dúró gbọn-in, tí òbìrìkìtì kékeré kan yọ láàárín, tó ń yí, tó ń yí, tó ń yí. Wẹ́dà ní ayé nìyẹn. Awakọ̀ kan tó wá fá irùngbọ̀n ní rárá o, táyà ni. Èmi wò ó títí omi fi ń bọ́ lójú mi, nítorí mi ò fẹ́ ṣẹ́jú kí n má baà pàdánù rẹ̀. Onífóònù ní kì í ṣe ara fíìmù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò gbà fún un. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni kì í ṣe ìwọ lo fi í síbẹ̀, jọ̀wọ́, fi í síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Onífóònù fi hàn mí pé àwọn tó ti wò ó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó bá wá kí ọmọ ẹni, à á dá a lóhùn ni. Ẹnì kan kọ ọ́ pé iná ni fíìmù yìí, ó sì ya iná sí i. Mo ní kí Onífóònù bá mi bi í bóyá wọ́n ti rí omi, àti pé ṣé kò jó ẹnikẹ́ni. Òmíràn fi ọkàn pupa ránṣẹ́, mo ní kó gbà á padà, òun náà máa nílò rẹ̀. Òmíràn wá kọ ọ́ pé òun ti kú. Ọmọ mi, èyí bà mí nínú jẹ́. Ó kọ ọ́ kedere pé òun kú o, kí wọ́n wá gbé òun, ó sì ya ojú tó ń da omi sí i. Mo pa kílípà, gbogbo wa dìde dúró. Mo ní kí Onífóònù kọ ọ́ sí àwọn ẹbí olóògbé pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá ẹni tó ṣe fíìmù ló ń kí yín, ọmọ náà kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Ṣé o mọ̀ pé olóògbé fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn? Ó ní òun tún ti kú lẹ́ẹ̀kejì. Ni àwọn ènìyàn bá ń kú lọ bẹẹrẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Onífóònù ní ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ó tún kà á pé ènìyàn rẹpẹtẹ ló ń tẹ̀lé ọ. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní kí ni wọ́n ń tẹ̀lé ọmọ obìnrin fún, ṣé wọn ò nílé ni. Ó ní kí o máa pààrọ̀ ọ̀nà tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kí o sì máa wẹ̀yìn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, bí wọ́n bá pọ̀ tó bí Onífóònù ṣe wí, ọ̀nà kan ò lè gbà wọ́n.

Ohun tó wá di wàhálà ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnì kan tí kò fi orúkọ sílẹ̀ kọ, pé orí ẹni tó ṣe fíìmù yìí kò pé. Wẹ́dà gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. O mọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá kò tíì fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Ó pe ìpàdé sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí àga ìgẹrun, ó yí i kọjú sí wa. Ó ní ẹni tó bá ń rí ilẹ̀kùn tó ń rìn kiri lónìí, ilé odindi ni yóò máa rìn lójú rẹ̀ lọ́la, kí a lọ mú ọ wálé kó tó burú. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo ní èmi tí mo ń di orí ènìyàn mú lójoojúmọ́, orí ọmọ mi pé, èmi ni mo kọ́kọ́ gẹ irun rẹ̀. Ó ní ó dáa, bí ẹnì kan nínú wa bá lè sọ ìtumọ̀ fíìmù náà fún òun kí ìpàdé tó tú, òun á gbà. Bí kò bá sí, ọkọ̀ àárọ̀ ni òun máa wọ̀ wá, òun á sì mú ọ bọ̀ tẹrù tẹrù.

Onífóònù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní àwọn tó ń wáṣẹ́ ni, gbogbo ibi tí wọ́n bá kàn, kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wá ni ti obìnrin tó ń lọ omi? Aránṣọ ní òun mọ obìnrin yẹn, iṣẹ́ ilé nìyẹn, o lọ ọ́, o lọ ọ́, kò ní gún láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wá ni ti ilẹ̀kùn? Wẹ́dà ní òun lè fi páànù ṣe ilẹ̀kùn tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọkùnrin náà. Wọ́n ní kó jókòó. Èmi ní gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú òbìrìkìtì yẹn. Wọ́n ní kí èmi náà jókòó.

Ó wá ku ìyá rẹ, tó wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń ká táwẹ́lì. Kò tíì wo fíìmù náà rí, ìròyìn rẹ̀ lásán ló ń gbọ́. Ó ní kí wọ́n fi han òun. Wọ́n fi hàn án. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára lọ́jọ́ náà, òbìrìkìtì kò yọ, ó dùn mí. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé ilẹ̀kùn nàró lójú títì tó kàn án, ìyá rẹ dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn nílé, ó ní ta nìyẹn? Nígbà tó kàn án nínú pápá, ó ní wọlé, kò tì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá kàn án létí odò, ìyá rẹ gbé táwẹ́lì sílẹ̀, ó fi orúnkún tó ń dùn ún dìde, ó lọ dúró síwájú ògiri, ó ní wọlé, ìwọ ọmọ yìí, ó ti pẹ́ tí o ti wà níta.

Fíìmù náà parí síbẹ̀. Ìyá rẹ padà sídìí táwẹ́lì rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kanlẹ̀kùn, à á dá a lóhùn, gbogbo wa la ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sẹ́ni tó dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi yí àga náà padà kọjú sí ògiri. O mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bínú jáde nílé nígbà tí o ṣì wà níléèwé, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ní kí Onífóònù tún fíìmù náà fi han òun. Ó tún ní kó tún un fi hàn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìka kan èjìká ọkùnrin náà nínú fóònù, fíìmù sì dúró lójijì, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tó ṣe é léṣe. Ó wá rọra bi wá pé ṣé a rí i bí èjìká òsì ọkùnrin yẹn ṣe rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, ṣé bí ti ọmọ òun kọ́ nìyẹn. Wẹ́dà fẹ́ sọ pé nínú dígí, èjìká ọ̀tún ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ orí tó pé tàbí tí kò pé.

Lánàá, kí n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó jókòó, ó ní kí n bá òun fá irunmú òun. Irunmú tó ti wà lórí ètè rẹ̀ kí n tó gbéyàwó, tí gbogbo olè àdúgbò yìí mọ̀ lókèèrè. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ooru ló mú. Ìgbà tí mo ti fi ọṣẹ kùn ún tán ló tó sọ pé ọmọ òun yẹn máa ń sá fún irunmú náà nígbà tó kéré. Mo fá a. Mi ò mọ̀ pé ètè rẹ̀ tinrín tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti rẹ́rìn-ín nígbà tí o rí i, bẹ̀ ẹ́.

Òun ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ó ní òun ò ní fún ọ àyàfi bí òun bá ti bi ọ́ ní ohun tí òun fẹ́ bi ọ́ tán. Nítorí náà, bí o ṣe ń kà á yìí, o ti dá a lóhùn, èmi nìkan ni mi ò tíì gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kọ́ ni ọkùnrin tó pọn ilẹ̀kùn yẹn, fún un lómi mu, kí o sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Bó bá jẹ́ pé òun ni, má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ dìde kí ẹ jọ máa lọ bá a.

Ní ti owó, mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí Onífóònù ti ń fi fóònù rẹ̀ pa mọ́ bó bá ti rí wa, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè fíìmù kí wọ́n tó béèrè àga. Bí òmíràn bá wà tí ò ń ṣe lọ́wọ́, jẹ́ kó gùn tó ìgẹrun orí kan. Oògùn orúnkún ìyá rẹ ti ń lọ sópin. Èyí tó kù ni pé owó ọkọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi mú dání, kò sì ní sọ fún ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ń padà bọ̀, bá mi san ti ẹnì kejì.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ iṣẹ́ rẹ, ohun tí ojú rẹ ń rí kò ní dẹ́rù bà ọ́. Yóò sì sin àwọn tó ń padà bọ̀ wálé, iye yòówù kí wọ́n jẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.