Ẹ̀rọ Ẹlẹ́nu Mẹ́jọ àti Ohùn Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ti ń wálẹ̀? A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn ni wàá sọ̀, a ò ní fi ọ́ wá ọmọ, a ò ní fi ọmọ wá ọ. Àmín. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n má kọ ọ́ pé òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí náà jẹ́ ká gbà pé kò sí níbí.

Ilé dùn. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, mo ti gun orí rẹ̀ láti tún un ṣe, ibi tó ń jò tẹ́lẹ̀ ti gbẹ, ibi tí kò jò rí ló wá ń jò báyìí. Adìyẹ aládùúgbò sì ti sọ fìlà mi di ilé, ó yé ẹyin sínú rẹ̀, mi ò lè lé e torí ó ń wò mí bíi pé èmi ni àlejò.

Ẹ̀rọ agbohùn tí o fi ránṣẹ́ ti dé láyọ̀. Nígbà tí o sọ fún wa pé dókítà ò gbà kí o rìn jìnnà mọ́, tí ẹ̀rọ téèpù àtijọ́ tó wà ní yàrá mi ò sì ṣeé gbé jáde kó má fọ́, mo ní kò burú, èmi tí mo bí ọ, ìwọ tí o ń fi ẹ̀rọ gba ohùn olórin sílẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín ìlú, ṣé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló máa wá borí mi? Iṣẹ́ tí o bẹ̀ mí náà yé mi: kí n da orin ẹgbẹ́ akọrin ìyá rẹ kúrò lórí téèpù sínú kọ̀ǹpútà, kí téèpù náà tó jẹrà tán, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè gbọ́ bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń kọrin kí àìsàn ọ̀fun tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, tó wá ku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan fún un. Orin méjì péré ló kù lórí téèpù ọ̀hún. O ti kìlọ̀ fún mi pé ó ti gbó débi pé bóyá ni yóò lè yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìwé àlàyé tí o fi sínú páálí, o kọ ọ́ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, èmi ni mo kà á tìnira-tìnira. O ní ẹ̀rọ náà ní etí méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pé etí yẹn ni kí n fi dè é mọ́ férémù. Mo yọ ọ́ jáde, mo rí i, irin pẹlẹbẹ, ihò mẹ́jọ tò sí i lẹ́yìn bí ẹnu ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́, etí méjèèjì sì wà lóòótọ́. Ọmọ mi, ẹni tó bá ní etí, ṣé kì í gbọ́ràn ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí ọ̀tún, mo kí i káàbọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó má dójú tì mí. Ìyá rẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé etí kejì ò ní bínú. Mo bá kí òun náà.

Ní ti férémù tí o ní kí n kàn, o kọ ọ́ pé kí n fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa mí. Mo ní ta ló gbọ́ ọ rí pé irin ń mí? Ṣé káfíńtà tó kan àga fún ìdajì àdúgbò ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní férémù? Mo lo pákó gidi, mo kàn án pinpin, mo ṣe ilẹ̀kùn sí i, mo fi ọ̀dà kùn ún títí tí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní pósí náà mà rẹwà o, pé ta ló kú. Mo ní iṣẹ́ ọnà ò yé e. Mo wá tan iná sí ẹ̀rọ, kò pẹ́ tí ilé fi ń rùn bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ. Mo fọwọ́ kan irin náà, àfi kí n sáré ki ọwọ́ bọ omi. Bí mo ṣe mú ayùn nìyẹn o, mo gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, mo tú ilẹ̀kùn, mo ṣí òrùlé rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni igi méjì tó dúró ṣánṣán àti síkúrúù mẹ́rin, ìyẹn gan-an sì ni àwòrán tí o yà sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn bí o ṣe wí, kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ gàdàgbà sójú pé òun kò rí dírẹ́bà. Inú mi dùn, torí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ mi látàárọ̀, èyí nìkan ni mo mọ ibi tí mo ti lè rí i. Mo lọ pe dírẹ́bà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, èyí tí a ń pè ní Má-sáré, torí kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání, ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ṣì ní òun ò rí i. Mo ní kó sún mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó ní bóyá ìwé ìwakọ̀ òun ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ó bá yọ ọ́, ó nà án sí i. Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù rẹ̀ pè ọ́, ìwọ náà sì mọ èyí tó kù, o rẹ́rìn-ín títí ọkọ rẹ fi ń béèrè lẹ́yìn pé ṣé ìrọbí ti dé ni. O wá là á yé wa pé dírẹ́bà kọ̀ǹpútà kì í wọ bàtà, pé ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá ẹ̀rọ mọ̀ ni, pé inú fìláàṣì tó wà nínú páálí ló ń gbé, o sì sọ ibi tí a óò tẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Má-sáré ò tíì dárí jì mí. Ó ní gbogbo bí òun ṣe sanra tó yìí, kò sí ọkọ̀ tó sọ rí pé kò rí òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ aago. O ní kí aago ẹ̀rọ àti ti kọ̀ǹpútà bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á máa ta pẹ́pẹ́. Mo gbé aago ara ògiri wá sáàárín wọn, mo ní kí gbogbo wa máa wo ẹyọ kan, síbẹ̀ sípíkà ń ta bí iyọ̀ nínú iná. Ìyá rẹ ló tún ìwé rẹ kà, ó ní inú kọ̀ǹpútà la ti ń yàn án, pé kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé aago ẹ̀rọ. Mo yàn án bẹ́ẹ̀, ariwo náà dákẹ́. Mo sọ fún un pé bí ilé ọkọ ṣe rí náà nìyẹn, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa pa àṣẹ aago. Ó ní ẹ ṣeun, pé ó dára tí mo mọ̀ pé òun ni.

Ṣùgbọ́n èrè ló bà mí jẹ́. O kọ ọ́ pé kókó tí a ń yí lábẹ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan, èrè lorúkọ rẹ̀, pé ibẹ̀ la ti ń sọ bí ohùn yóò ṣe pọ̀ tó bó bá ń wọlé. Ta ni kò fẹ́ èrè? Mo ti kan àga títí mo fi darúgbó, mi ò rí jẹ, ẹnì kan wá ní kí n yí èrè bí mo bá ṣe fẹ́! Mo yí gbogbo rẹ̀ dé òpin. Mo ki wáyà mẹ́rin téèpù bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo tẹ téèpù, iná pupa tàn yàà, mo ní ẹ̀rọ ń bá mi yọ̀. Bẹ́ẹ̀, o ti kọ ọ́ o, pé nọ́ńbà ni ẹ̀rọ yìí ń sọ ohùn dà, pé nọ́ńbà náà sì ní òkè tí kì í kọjá, ohùn tó bá kọjá ibẹ̀, gígé ni yóò gé e. Kékeré ni mo ti ń sá fún ìṣirò, mo fo ibẹ̀.

Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ká aṣọ ìnura ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a, ó wọ yàrá lọ. Kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń dá téèpù dúró, orin àkọ́kọ́ ti parí, eruku pupa ti dà sábẹ́ rẹ̀, mo ní kí n dá a padà sẹ́yìn, apá ibẹ̀ já sí wẹ́wẹ́. Orin méjì ló ṣẹ́ kù láyé, bàbá rẹ ti jẹ ọ̀kan.

Mo bá a níbi tó jókòó sí létí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi mí bóyá bí òun ṣe máa ń dún náà nìyẹn, pé gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn, ṣé àánú ni wọ́n ń ṣe òun. Ayùn ti gé mi rí, àáké ti gé mi rí, kò sí èyí tó wọlé tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní kì í ṣe ohùn rẹ̀, ojúkòkòrò mi ni. Mo sọ bí mo ṣe yí èrè dé òpin. Ó dìde, ó lọ síwájú ẹ̀rọ, ó ní nígbà tí òun ń kọrin, bí orin bá ti fẹ́ gòkè, ẹsẹ̀ kan lòun máa ń gbé sẹ́yìn kúrò nídìí máìkì, torí ohùn tó lágbára ò fẹ́ ẹni tí yóò tì í, àyè ló ń fẹ́. Ó fi aṣọ ìnura nu eruku kúrò lára téèpù, ó sì fi apá tí kò já sípò. Ó yí èrè wálẹ̀ lẹ́nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún dín ariwo sípíkà kù, ó ní bó bá tún jẹ́ páànù ni, kí aládùúgbò má gbọ́. Òun ló tẹ téèpù.

Iná aláwọ̀ ewé tàn, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bíi pé nǹkan ń mí. Ohùn náà sì jáde. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀. Mo sáà mọ̀ pé mo dìde dúró, mi ò sì mọ ìgbà tí mo dìde. Téèpù náà gbé e dé ìparí, kò já.

Lọ́jọ́ kejì a gbọ́ ọ padà nínú kọ̀ǹpútà. O ní a lè pa àwọn tó kù lẹ́nu mọ́ kí a gbọ́ ẹnu kan ṣoṣo, a sì ṣe bẹ́ẹ̀: ẹnu kìíní, àwọn ọkùnrin, ẹnu kejì, dùùrù, ẹnu kẹta, àwọn obìnrin, ẹnu kẹrin, ìyá rẹ nìkan. Ẹnu karùn-ún ló yẹ kó dákẹ́, àmọ́ nǹkan wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí: wáyà mẹ́rin ni téèpù ní, mo sì rò ó pé ìwà ìkà ni kí n bọ́ ẹnu mẹ́rin kí mẹ́rin máa wò, mo bá ki wáyà máìkì tó wà nínú páálí bọ ẹnu karùn-ún, mo gbé máìkì sórí tábìlì, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mẹ́rin ni ìyá rẹ sì yí wálẹ̀. Èrè ti karùn-ún ṣì wà lókè pátápátá.

Orin ń dún lọ́nà jíjìn níbẹ̀. Nítòsí, ẹnì kan ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá rẹ ni, ti ìsinsìnyí. Ó bá ara rẹ̀ kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mọ̀ pé òun ń kọ ọ́. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí mi ò gbé e. Bí mo bá gbọ́n díẹ̀ sí i ni, tí mo yí èrè náà bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ náà ì bá má gbé e.

Ó ní kí n pa á rẹ́. Mo ní n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, lọ́tẹ̀ yìí àìmọ̀kan mi wúlò. Fìláàṣì tí mo da orin náà sí wà lọ́wọ́ Má-sáré pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Jọ̀ọ́, fún un lówó epo, má fi dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fún èmi náà ní owó pákó díẹ̀, ìyá rẹ ní kí n kan ibùsùn ọmọdé, ó sì ní kí n fi àyè sílẹ̀ lókè. Bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan ń fọn imú nígbà tí orin parí, eruku téèpù ni.

Kí ọmọ náà gbọ́ ẹnu kẹrin, kó gbọ́ ẹnu karùn-ún, kó sì mọ̀ pé obìnrin kan náà ni. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀, á jẹ́ kí igbe ọmọ náà kọ́kọ́ dé etí wa kí ìròyìn tó dé. Ìyá rẹ kí ọ o, ó ní òun ò sí níbí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.