Máàkì Tí Mo Gbà Nínú Oòrùn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín jí? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó tí kò tíì rí bàbá àgbà rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń mu ọyàn dáadáa? Ibi tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀, orí yín ò sì ní gbàgbé yín. Èmi àti ìyá rẹ wà, kò sí ohun tó ń ṣe wá, àfi ẹnu ìyá rẹ tí kì í sinmi.

Ìròyìn ńlá tí mo ní fún ọ ni pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí pé nígbà tí o bímọ, mo ní mò ń bọ̀ wá gbé ọmọ, o ní kí n fara balẹ̀, pé àjà kẹrin ni ẹ ń gbé, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè? Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Egungun itan àti orúnkún ń ro mí, àtẹ̀gùn mẹ́ta péré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ni mo bá lọ bá nọ́ọ̀sì.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì gba ti ìyá rẹ tó sìn mí lọ. Nígbà tí èsì dé, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìyá rẹ gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, èmi gba mọ́kànlá. Mọ́kànlá! Èmi tí mi ò fìdí rẹmi rí nílé ìwé! Mo ní kí ó tún un máàkì, bóyá ó gbàgbé ojú ìwé kejì. Ó ní kì í ṣe ìdánwò, pé fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n kà, òun ló ń jẹ́ kí ara rí ohun tí egungun fi ń le gbà nínú oúnjẹ, àti pé ìgbà tí oòrùn bá kan awọ ara ni ara fi ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ní èmi tí mo ti ń tún aago ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, níbo ni oòrùn ti fẹ́ rí mi? Ìyá rẹ tó jẹ́ alágbàfọ̀, ìdí okùn aṣọ ló ń wà látàárọ̀, kò ka ìwé kankan, ó yege. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá tọ́ọ̀ṣì fóònù lè ṣe é torí ó mọ́lẹ̀ gan-an, ó ní rárá.

Ni mo bá múra sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo gbé tábìlì mi wá sẹ́yìn gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo ń to aago títà sí, oòrùn ń wọlé dáadáa, mo ká apá aṣọ sókè, mo jókòó síbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Oníbàárà mi kan tí à ń pè ní Má-jẹ̀ẹ́-n-pẹ́ ní òun rò pé mo wà lára ọjà, ó bèèrè iye tí wọ́n ń tà mí. Nígbà tí mo padà lọ, mo gba méjìlá. Kí n má parọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi níwájú nọ́ọ̀sì, torí mò ń rò ó pé ọmọ yẹn á dàgbà, á mọ gbogbo ẹbí lójú, inú fóònù nìkan ni yóò ti mọ èmi.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé níbo gan-an ni mò ń jókòó sí. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní gíláàsì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti ooru wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí awọ ara nílò nínú oòrùn, ìta gíláàsì ló ń dúró sí. Ó ní ìta gbangba ni kí n máa jókòó sí, ó sì fún mi ní oògùn kún un. Láti ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ ti ń gbé àga mi síta, sí ẹ̀gbẹ́ okùn aṣọ rẹ̀, tó ń yí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ogún ìṣẹ́jú ni nọ́ọ̀sì ní, ó ní kí n má jókòó títí ara á fi máa ta mí. Mo to aago mẹ́rin síwájú kí n má baà ṣàṣìṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ tirẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ mi, mo gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ìyá rẹ ní òun ṣì fi mẹ́ta jù mí lọ. Mo fi í sílẹ̀. Ilé ìwé alájà méjì tó wà nítòsí wa, mo gùn ún lẹ́ẹ̀mejì lánàá, èyí tó jẹ́ mẹ́rin lójú tèmi. Mo dúró lẹ́ẹ̀kan péré, torí olùkọ́ kan kí mi.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, tèmi àti ti ìyá rẹ, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún bàtà tí kì í yọ̀. Fóònù ìyá rẹ ni kí o fi í sí. Mo gbé tèmi sínú oòrùn níjẹta kí bátìrì rẹ̀ náà lè lágbára, láti ìgbà yẹn kò tíì sọ̀rọ̀. Ìwọ náà tí o ń wà nínú ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́, lọ ṣe àyẹ̀wò tìrẹ, má jẹ́ kí ìyá rẹ máa fi máàkì yangàn sí gbogbo wa. Ti ìkókó, nọ́ọ̀sì tiyín ni kí o bi, má fi tèmi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọ̀sán ò ní pọ́n ọ, alẹ́ á sàn ọ́, ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí o bá gbọ́ ohùn mi nísàlẹ̀, má sáré sọ̀ kalẹ̀ wá dì mí lápá mú. Gbé ọmọ mi dání kí o dúró sókè níbẹ̀. Èmi ni n ó gùn wá bá yín.

Èmi ni bàbá rẹ.